Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ń Ṣe Ọṣẹ Ìfọṣọ: Ẹ Má Ka Òkú Nìkan

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ gbé dání kò rọrùn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí fẹ́ kó mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má bó òun lọ́wọ́, kó máa ta sánsán, kó má sì wọ́n. Ẹ̀yin lẹ ń wá gbogbo ìyẹn pọ̀ sínú páálí kan. N kò kọ lẹ́tà yìí láti ní kí ẹ kógbá sílé. Èmi náà ń fọṣọ.

Kíkà ni iṣẹ́ tèmi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó ti ife gíláàsì nínú láàbù, tí mò ń ka kòkòrò omi: mélòó ló ṣì ń wẹ̀, mélòó ni kò wẹ̀ mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi tiyín á fi èròjà ránṣẹ́, àwa á dán an wò, a ó kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé, ẹ ó sì gba ìwé yín lọ. Lórí nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti rí páálí ọṣẹ tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọṣẹ náà kò lè pa ẹ̀dá inú omi lára, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ọwọ́ èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ti wá. Ohun tí a kọ kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rí nọ́ńbà náà, torí ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń buwọ́ lu ìwé rẹ̀ ni kò tíì fojú kan iṣẹ́ náà rí.

Daphnia magna ni orúkọ kòkòrò tí a sábà máa ń lò. Àgbà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 5 lọ, ọmọ tuntun rẹ̀ kò tó mílímítà kan. Ara rẹ̀ mọ́ gaara. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ ó rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù kìkì, ẹ ó rí oúnjẹ aláwọ̀ ewé tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rí ẹyin tó gbé pọ̀n sẹ́yìn. Ojú dúdú kan ṣoṣo ló ní, ó sì máa ń yí i kiri bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. Bí ayé bá rọgbọ fún un, kò nílò akọ kó tó bímọ. Abo ló ń bí abo, ọmọ á sì jọ ìyá bí ìgbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwa aláàyẹ̀wò fi fẹ́ràn rẹ̀: bí ogún nínú wọn bá ṣe bákan náà, a mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé. Nínú odò àti adágún omi, àwọn ewé tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní algae, ni òun àti irú rẹ̀ ń jẹ. Ẹja kéékèèké ló ń jẹ àwọn náà. Bí wọ́n bá kúrò láàárín, òkè àti ìsàlẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n.

Ìlànà 202 ti OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò jáde, ni a ń tẹ̀ lé. A ó mú ọmọ Daphnia tí kò tíì pé wákàtí 24 tí ìyá rẹ̀ bí i, a ó fi pípẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ọ̀pá tí a fi ń fa omi, gbé e kó má baà ṣèṣe, a ó pín wọn sínú ife, 5 nínú ife kan, ife 4 fún ìwọ̀n èròjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ife kan wà tí omi lásán nìkan wà nínú wọn, kí a lè mọ̀ bóyá àwa fúnra wa la ń pa wọ́n. Bí èyí tó kọsẹ̀ nínú omi lásán bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, a ó dà á nù. Wọn kò ní jẹun. Lẹ́yìn wákàtí 48, a ó rọra mi ife náà, a ó sì wò wọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Èyí tí kò bá wẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 yẹn, a ti kà á mọ́ àwọn tí kò lè rìn mọ́, kódà bí ọwọ́ tó fi ń wẹ̀ bá ṣì ń gbọ̀n. Lára iye àwọn yẹn la ti ń ṣírò ìwọ̀n tó mú ìdajì wọn balẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn. Mo máa ń rí ọ̀kan tó ń pòòyì lójú kan, tó ń sáré lọ sísàlẹ̀, tó ń tàkìtì padà sókè, bí ẹni tí ọtí ń pa. Mo máa ń rí òmíràn tó há sójú omi, tí kò lè wọlé mọ́, tó kàn ń jà fitafita. Wọ́n ṣì ń wẹ̀. Nítorí náà, lábẹ́ òfin, ààyè ni mo kọ wọ́n. Mo lè kọ àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé wọn kò wẹ̀ bó ṣe yẹ, mo sì máa ń kọ ọ́. N kò tíì rí àkíyèsí ẹ̀gbẹ́ ìwé kan tó dé ara páálí ọṣẹ.

Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú àti ọṣẹ olómi, surfactant ni alágbára. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ fẹ́ràn epo. Ìrù á wọnú ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ aṣọ, orí á dúró sínú omi, ọ̀rá á sì bá wọn jáde. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá ara ṣẹ́ẹ̀tì àti ọ̀rá ara ẹ̀dá alààyè. Ọ̀rá wà nínú awọ tó yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ká. Awẹ́ pupa tí ẹja fi ń mí, èyí tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, awọ rẹ̀ tín-ín-rín kí ọ́síjìn lè gbà á kọjá, ibẹ̀ sì ni surfactant máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Agbára tí ẹ ń wá fún aṣọ náà ni agbára tí ẹja ń sá fún. Ìyẹn ni kò fi sí surfactant tí kò lóró rárá. Ìwọ̀n ló kù ká máa sọ.

LAS ló wọ́pọ̀ jù, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni linear alkylbenzene sulfonate. Káábọ́nù tó so kọ́ra wọn bíi ṣéènì ni ìrù rẹ̀, nǹkan bíi 10 sí 13 nínú èyí tí ẹ ń lò. Bí ìrù yẹn bá ṣe ń gùn ni oró rẹ̀ ń le sí i, fún ẹja àti fún Daphnia. Èyí tó wà nínú ọṣẹ ọjà máa ń mú ìdajì wọn balẹ̀ ní nǹkan bíi mílígíráàmù 1 sí 10 nínú lítà omi kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹnì kan da gíráàmù 80 ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú omi, kí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ surfactant. Gíráàmù 16 nìyẹn, ìyẹn mílígíráàmù 16,000. Kí ó tó lè fẹ́lẹ́ dé mílígíráàmù 4 nínú lítà kan, lítà omi 4,000 ló máa nílò. Ìfọṣọ ẹnì kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì tíì dé ìwọ̀n tí ohunkóhun lè gbé inú rẹ̀ láìfarapa.

Mo ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ sì jàre níwọ̀n. Ẹ ó ní omi ìfọṣọ kì í ṣàn lọ sódò báyẹn lásán, ó máa ń gba ibi tí wọ́n ti ń wẹ omi ẹ̀gbin kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí irú rẹ̀ bá wà, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà tí bakitéríà sì ń rí ọ́síjìn mí, LAS tó ń jáde kì í tó ìdá 5 nínú 100 èyí tó wọlé. Mo fi fìlà sílẹ̀ fún bakitéríà. Ṣùgbọ́n ibi tí kò bá sí irú rẹ̀ ńkọ́, tí gọ́tà ń tú sódò tààrà, tí wọ́n sì ń fọṣọ létí omi? Ibi tí ọ́síjìn ti tán lábẹ́ ẹrẹ̀ ńkọ́? Bakitéríà tó ń jẹ LAS kò lè jẹ ẹ́ láìsí ọ́síjìn, yóò kàn wà níbẹ̀ ni. Ọṣẹ kan náà lẹ ń tà fún ẹni tó ní ibi ìwẹ-omi-ẹ̀gbin àti ẹni tí kò ní in. Ìṣirò ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló wà nínú ìwé yín.

Ẹ rántí pé a ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá rí. Surfactant tó gbayé kan ní àwọn ọdún 1950 ni ABS, tí ìrù rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi. Bakitéríà kò rí ibi mú un. Ó ń fọṣọ dáadáa, ó sì ń bá omi lọ láìbàjẹ́, títí tí ìfófòó fi bo odò ní Jámánì, ní England àti ní Amẹ́ríkà bí òwú, tí omi ẹ̀rọ pàápàá fi ń hó nínú ife ní àwọn ibì kan. Ní 1961 ni Jámánì ṣe òfin lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Nígbà tí yóò fi di 1965, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà náà ti fi LAS rọ́pò rẹ̀, láìsí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan lọ́rùn wọn. Ẹ ṣe é nígbà yẹn. Ẹ kò sì kógbá sílé.

Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìtàn yẹn nìyí: LAS tuntun oró rẹ̀ le ju ti ABS lọ fún ẹja. Bí àyẹ̀wò bá jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan péré, ABS ni ì bá gba ẹ̀bùn. Ohun tó mú kí LAS sàn ni pé kì í pẹ́ láyé. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí látilẹ̀wá, báwo ló ṣe le tó àti báwo ló ṣe máa pẹ́ tó, ẹni tó bá dáhùn ọ̀kan ṣoṣo kò tíì dáhùn nǹkan kan.

Ìkẹta tún wà, òun ló sì gbé yín ṣubú jù. Kí ni èròjà náà máa dà tó bá já?

Ní 1991, Ana Soto àti Carlos Sonnenschein ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ohun kan tó dà wọ́n láàmú. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń tọ́jú nínú láàbù kì í pọ̀ sí i àfi tó bá rí họ́mónù obìnrin. Ó wá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní họ́mónù. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i pé ike tí wọ́n fi ń kó omi pamọ́ ni nonylphenol ti ń yọ jáde, tó sì ń ṣe bí họ́mónù. Nonylphenol yìí ni ohun tó ń kù sílẹ̀ nígbà tí surfactant kan tí wọ́n ń pè ní nonylphenol ethoxylate bá já sí wẹ́wẹ́ nínú omi ẹ̀gbin. Bakitéríà á gé orí tó fẹ́ràn omi kúrò díẹ̀díẹ̀, ohun tó kù á wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá dán odindi rẹ̀ wò ní wákàtí 48, a kò ní rí ọmọ tó máa bí. Ní odò Aire ní England, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ irun àgùntàn ti ń da irú omi ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sódò, wọ́n kó akọ ẹja trout sínú àgò, wọ́n sọ ọ́ sínú odò náà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn akọ náà kún fún vitellogenin, èròjà tí abo fi ń ṣe ẹyin. Kórópọ̀n wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ.

Kò sí ọ̀kan tó kú. Ẹ tún un kà.

Yúróòpù ṣe òfin ní 2003 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nonylphenol ethoxylate ṣe ọṣẹ tó ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2005. Ó pé ọdún 14 gbáko lẹ́yìn ìwé 1991.

Ẹja mìíràn tí n kò lè gbàgbé ni ti 1965. Ẹ̀yà àrọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Ictalurus natalis. Irun ẹnu rẹ̀ ló fi ń tọ́ nǹkan wò nínú omi dúdú, bí ojú rẹ̀ ló rí. Wọ́n fi í sínú omi tí ọṣẹ mílígíráàmù 0.5 péré wà nínú lítà kan, ìwọ̀n tó kéré gan-an sí èyí tó ń pa ẹja. Àwọn ibi tó fi ń mọ adùn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹja náà wà láàyè, ó ń mí, ó ń wẹ̀, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú ìwé tiwa, ẹja tó ye àyẹ̀wò nìyẹn.

Mo gbà pé mo ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún a ṣì ń ríran. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àyẹ̀wò wa ti ń kó yín ní ìyà tí kò tọ́. Omi láàbù mọ́ jù. Àwọn surfactant onípósítíìfù, irú èyí tó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀, máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ àti ìdọ̀tí tó wà nínú odò, kì í sì í dé ara ẹja tó bí ó ṣe ń dé e nínú ife wa. Nọ́ńbà wa lè mú kó dà bí ẹni pé ó burú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ lè bèèrè pé kí a fi omi odò gidi dán an wò, èmi náà á ti ẹ̀yìn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò ní kí ẹ máa pa ẹja sí i. Láti 2013 ni ìlànà 236 ti wà, èyí tó ń lo ẹyin ẹja dípò ẹja. Ní 2021 ni 249 jáde, sẹ́ẹ̀lì awẹ́ ìmí ẹja trout nìkan ló ń lò, kò sí ẹja kankan tó máa jìyà. Ọ̀nà wà.

Ohun tó ń dùn mí kò ju àárín ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kọkànlélógún lọ.

Ìlànà 211 ni àyẹ̀wò ọjọ́ 21. A ó fi Daphnia kan ṣoṣo sínú ife kan, 10 ife fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. A ó máa bọ́ ọ, a ó máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ó máa bí àwọn ọmọ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó máa bí ní bíi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka àwọn ọmọ náà, kí n kó wọn kúrò. Nínú omi lásán, ìyá kan gbọ́dọ̀ bí tó 60 ní ọjọ́ 21, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò náà kò wúlò. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà kan, a ní èròjà ọṣẹ kan níwájú wa tó ti gba wákàtí 48 kọjá wẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn ife omi lásán ti kún fún ọmọ tó ń fò kiri bí ìràwọ̀ kéékèèké. Nínú ife tó tẹ̀ lé e, ìyá ń wẹ̀ geerege, ojú dúdú rẹ̀ ń yí, inú rẹ̀ kún fún oúnjẹ. Mo gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ẹyin wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n funfun, wọ́n sì ṣú pọ̀ bí omi ìrẹsì, kò sí ojú dúdú kan nínú wọn. Ọjọ́ kejì, ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹyin náà sì bá awọ lọ sísàlẹ̀ ife. Kò kú títí ọjọ́ 21 fi pé.

Mo ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ni èròjà náà pé nǹkan kan wà níbí. N kò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe wọn nìkan. Èsì tí mo gbà ni pé nọ́ńbà wákàtí 48 ló wà nínú àdéhùn, àti pé ẹ ṣeun, a ti rí ohun tí a ń wá. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn wákàtí 48 yìí, owó rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ san.

Ẹ ó ní ìwé ìṣirò ti rí sí gbogbo ìyẹn. Mo mọ̀ pé nígbà tí nọ́ńbà kúkúrú nìkan bá wà lọ́wọ́, wọ́n máa ń pín in sí 1,000 kí wọ́n tó sọ pé ìwọ̀n báyìí kò léwu, tí àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ gígùn bá wà fún ẹja, Daphnia àti algae, 10 ni wọ́n ń pín in sí. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Iye tí àìmọ̀ wa tó ni 1,000 yẹn. Ẹni tó gbé nọ́ńbà wákàtí 48 sára páálí láìpín in ti mú àìmọ̀, ó ti tà á bí ìmọ̀.

Fọ́sífétì nìkan ti tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ ń fi í sínú ọṣẹ kí omi líle lè rọ̀. Bí ẹ bá fún mi ní fọ́sífétì inú omi ìfọṣọ tó ti fẹ́lẹ́ nínú odò, gbogbo Daphnia mi ló máa wẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, n ó sì kọ ọ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Ní 1973, David Schindler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta aṣọ ike sí àárín adágún omi kan ní Kánádà, Lake 226. Wọ́n da káábọ́nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, wọ́n wá fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó wà nínú fọ́sífétì, kún ti apá kan. Apá tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì di ewé tútù yọ̀ọ̀, algae bò ó. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè kò gba àríyànjiyàn: omi kan náà, apá kan dúdú, apá kan ewé. Bí algae bẹ́ẹ̀ bá kú tó sì jẹrà, ọ́síjìn inú omi ló ń gbà lọ, ẹja á sì kú lọ́wọ́ ohun tí kì í ṣe májèlé. Yúróòpù fi òfin dín fọ́sífétì inú ọṣẹ ìfọṣọ ilé kù gidigidi láti oṣù kẹfà ọdún 2013. Aṣọ wọn ṣì ń mọ́.

Kí ni mo wá fẹ́ lọ́wọ́ yín? Kò pọ̀. Ẹ fún wa ní ọṣẹ náà bó ṣe jáde nínú páálí. Èròjà kọ̀ọ̀kan lẹ ń fi ránṣẹ́, bíi pé odò máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀: surfactant lónìí, ohun tó ń mú aṣọ tàn lọ́la, òórùn dídùn lọ́túnla. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ olómi bàjẹ́ nínú ike rẹ̀, isothiazolinone, pípa àwọn kòkòrò àìrí ni iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún, algae sì wà lára àwọn tó ń pa ní ìwọ̀n tó kéré gidi gan-an. Mo fẹ́ rí gbogbo wọn pọ̀ nínú ife kan. Mo tún fẹ́ rí ohun tó kù lẹ́yìn ọjọ́ 28 tí bakitéríà ti jẹ ẹ́, kí n kó Daphnia sínú ìyókù yẹn. Ẹ kúkú ń ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ 28 náà tẹ́lẹ̀ láti fi hàn pé ọṣẹ yín ń jẹrà. Omi tó kù nínú ìgò, ṣe ni wọ́n ń dà á nù. Ẹ má dà á nù mọ́. Ẹ gbé e fún mi.

Ẹ sì san owó ọjọ́ 21. Ó wọ́n ju wákàtí 48 lọ, n kò ní parọ́. Ìpolówó yín lórí tẹlifíṣọ̀n ṣáà wọ́n jù ú lọ.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá sí láàbù èyíkéyìí tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀gá ibẹ̀ lọ. Ẹni tí pípẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ bá. Ẹ ní kó fi ife omi lásán hàn yín, kó sì gbé ife ọṣẹ yín tẹ̀ lé e. Ẹ ka ọmọ inú ti àkọ́kọ́. Ẹ ka ti èkejì. Iye méjèèjì ni kí ẹ kọ sára páálí.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka kòkòrò omi